Ọjọ́ tí Ìyá Sídí Kọrin pẹ̀lú Àwọn Onígòjé Òyìnbó

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún òwúrọ̀, ni ọkọ̀ kékeré kan tó ní àwọ̀ ewéko dúró síwájú ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn. Mo lè sọ wákàtí náà nítorí pé inú pálọ̀ Bàbá Alhájì ni mo wà, mò ń nu eruku ara tábìlì, aago ara ògiri sì wà lókè orí mi. Ohun tí n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni bóyá aago náà ń sọ òótọ́. Ó máa ń sáré ju ti rédíò lọ díẹ̀, Bàbá Alhájì kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí òun máa tètè dé mọ́ṣáláṣí. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kó jẹ́ aago mẹ́wàá géérégé. Àsìkò ìsinmi ilé ìwé ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ni mí.

Ọkùnrin tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà kò ga. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì gbé àpótí kan dání tí mo rò pé rédíò ni. Kí n tó sọ ohun tó bá wá, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé wa ṣe rí, nítorí bí ènìyàn kò bá mọ ariwo ilé yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbẹ̀yìn kò ní yé e. Iwájú ilé jẹ́ ti Bàbá Alhájì. Òun ni olórí ilé, òun ló sì ń kó aṣọ tí àwọn obìnrin ilé bá rẹ lọ sí ọjà Ìtòkú, tó ń bá àwọn oníbàárà láti Èkó àti Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé jẹ́ ti àwọn aláró, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìyá Sídí, ló sì ń darí ibẹ̀. Ìyá Sídí ló bí ìyá mi. Sídíkù ni orúkọ àkọ́bí rẹ̀, gbogbo ilé ló sì ń fi pè é, títí kan àwa ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìkòkò aró mẹ́sàn-án ló wà ní ẹ̀yìnkùlé náà, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ìdajì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọrí páànù tirẹ̀. Mo kà wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé mo fẹ́ràn láti máa ka nǹkan. Láàárọ̀, a ó mu ògì pẹ̀lú àkàrà, àwọn aláró á jẹ tiwọn lórí ìdúró. Ní ọ̀sán, láfún àti ọbẹ̀ ilá ni, màmá mi ló sì máa ń ro láfún náà nínú ìkòkò kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé sún mọ́ ibi aró. Bí a bá tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn aró á ṣì bá oúnjẹ dé ẹnu. Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé láfún kì í rùn bẹ́ẹ̀ ní ilé àwọn ẹlòmíràn.

Ariwo tó máa ń jí mi lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìpè ìrun àárọ̀, ni ariwo kùmọ̀. Bí aṣọ bá ti gbẹ, wọn á ká a lé orí ìtì igi kan tó ti dán nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń lò ó, obìnrin méjì á jókòó kojú síra wọn, wọn á sì máa fi kùmọ̀ lù ú, tọ̀kan ń lọ sókè bí tèkejì ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, títí aṣọ náà yóò fi máa kọ mànà. Bí ìtì mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó dúró tì ọ́ kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o ń sọ. Ìdí nìyí tí Ìyá Sídí kì í fi í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lásán ní ẹ̀yìnkùlé. Ó máa ń kọ ọ́ lórin ni. Bó bá fẹ́ omi, orin ni. Bó bá fẹ́ kí wọ́n yí aṣọ padà, orin ni. Orin máa ń la àárín ariwo kùmọ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì lè là á. Èyí tó máa ń kọ jù nínú wọn ni ti Sìkírá. Sìkírá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó máa bo ìkòkò bí òjò bá ṣú, nítorí bí omi òjò bá wọ inú aró, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń dirun ní ilé kejì ló wu Sìkírá ju ìdí ìkòkò lọ. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣókùnkùn báyìí, ohùn Ìyá Sídí á gòkè: “Sìkírá o, bo ìkòkò aró, òjò mà ń ṣú o!” Sìkírá á sì dáhùn láti ibikíbi tó bá wà pé, “Mo ń bọ̀ o, Ìyá!” Nígbà mìíràn, kì í bọ̀.

Kì í ṣe eré ni Ìyá Sídí ń ṣe. Olórin ni lóòótọ́. Ègè ló ń kọ, orin àwa Ẹ̀gbá tí ẹnì kan máa ń dá tí àwọn yòókù á máa gbè, tó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìyìn kó yà sí ibi ẹ̀fẹ̀, kó ti ibẹ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ti kú, kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ rẹ̀ tó kú, wọ́n máa ń fi mọ́tò wá gbé e láti Papalanto. Èmi kò rí mọ́tò náà. Màmá mi ló sọ ọ́ fún mi, Bàbá Alhájì kò sì já a nírọ́ rí. Lẹ́yìn tí ó di opó tí ó sì padà sí ilé bàbá rẹ̀, Bàbá Alhájì ní obìnrin tó wà lábẹ́ òrùlé òun kò ní máa dúró níwájú ọkùnrin níta láti kọrin. Ó ní kó kọ ọ́ nínú ilé bó ṣe wù ú. Ìyá Sídí kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fojú ara mi rí: bí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó ládùúgbò, tí ohùn ẹlẹ́gè mìíràn bá ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, yóò ní kí wọ́n dá kùmọ̀ dúró, yóò tẹ́tí, yóò sì mi orí. “Ó ti fo ibì kan,” ni yóò wí. Kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu aṣọ.

Ọ̀gbẹ́ni Délé ni orúkọ àlejò wa. Ọmọ Aké ni, ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní ìlú òyìnbó, ó sì ń darí ẹgbẹ́ olórin kan ní Èkó, àwọn bí ogójì, tí wọ́n ń ta gòjé òyìnbó tí wọ́n sì ń fọn fèrè oríṣiríṣi. Wọ́n ń bọ̀ wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Aké, ó sì fẹ́ kí ẹlẹ́gè kan bá wọn kọrin. Ó ní gbogbo ẹni tí òun bi léèrè, orúkọ Ìyá Sídí ni wọ́n ń dá.

“Kò kọrin níta mọ́,” ni Bàbá Alhájì wí.

“Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ wá bá yín nìyẹn.”

“Ogójì ènìyàn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi obìnrin kan ṣoṣo ṣe?”

“Wọ́n fẹ́ máa gbè fún Màmá ni, sà.”

“Ṣé wọ́n gbọ́ ègè ni?”

“Rárá, sà. Inú ìwé ni wọ́n ń wò. Èmi ni màá kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn.”

Bàbá Alhájì wo àpótí tó gbé wá, ó wo ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, mo rò pé ì bá ti sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bàbá Ọ̀gbẹ́ni Délé ló mú Bàbá Alhájì wọ Ìtòkú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò, ó sì ti kú, kò sí bí ènìyàn ṣe lè san oore bẹ́ẹ̀ fún un mọ́ àfi lára ọmọ. Ó ní kí n lọ pe Ìyá Sídí wá. Ó dé tòun ti aró ní apá dé ìgúnpá, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí aró má baà kán sí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá Alhájì ro ọ̀rọ̀ náà fún un.

“Rámọ́, ṣé o fẹ́ lọ?” Òun nìkan ló ń fi orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ pè é.

“Bí ẹ bá ní kí n lọ, ẹ̀gbọ́n mi, màá lọ.”

“Mi ò bi ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé o fẹ́?”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Mo fẹ́,” ló wí.

Mo rántí pé ó yà mí lẹ́nu. Títí di ọjọ́ náà, n kò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà kan nínú ilé wa sọ níwájú Bàbá Alhájì pé òun fẹ́ nǹkan, láìfi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Bàbá Alhájì gbà, ó sì ka àwọn ohun tó fẹ́ lé ìka: kò ní lọ sí ibi ìdánrawò kankan, orí àga ni yóò jókòó sí, kò ní jó, òun fúnra òun yóò sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, ó sì rọra sọ ọ́ débi pé mo ní láti dá aṣọ ìnutábìlì dúró kí n tó gbọ́: “Bí wọ́n bá fi ilé wa rẹ́rìn-ín níbẹ̀, a ò ní sọ̀rọ̀ orin ìta mọ́ láyé. Ìwọ náà gbọ́, Rámọ́.”

“Mo ti gbọ́.”

Ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Délé fi àpótí náà, tí kì í ṣe rédíò bí mo ṣe rò, gba ohùn rẹ̀ sínú téèpù. Ó fẹ́ kí àwọn obìnrin dá kùmọ̀ dúró, ṣùgbọ́n Ìyá Sídí ní òun kò lè kọrin láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ní yóò dà bí ẹni pé òkú wà nílẹ̀. Wọ́n ń lu aṣọ lọ nígbà náà, ó ń kọrin, ẹ̀rọ náà ń yí, àwa ọmọdé sì dúró yí i ká, a ń wo bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ náà ṣe ń kúrò lára róbótó kan tó ń lọ sára èkejì. Ó ti kọrin tó ìdajì wákàtí nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò dúró, kò mí. Ó kàn ti inú ègè bọ́ sí orí Sìkírá, ó sì ti orí Sìkírá padà sínú ègè. Ó kọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí ẹni tó ń pè kò dáhùn. Ọ̀gbẹ́ni Délé di ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé ariwo kùmọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ó kàn gbọ́ bí ohùn náà ṣe gòkè tó sì rọra balẹ̀. Màmá mi ní ó gbọ́ ọ, ó kàn rò pé Sìkírá jẹ́ ẹnì kan nínú ìtàn àtijọ́ ni. N kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló padà wá, ìgbà náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, bó sì ṣe rí nìyí, nítorí èmi ni mo gbé omi wá fún un. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ariwo kùmọ̀ ló kún inú rẹ̀, ohùn Ìyá Sídí sì ń jáde lókè rẹ̀ bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Ibi tó fi sí ni ibi Sìkírá. “Bàbá, ibí yìí dùn púpọ̀,” ló wí. “Mo fẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé inú ègè náà ló wà? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí Màmá gbọ́ ọ?” Bàbá Alhájì ń wá kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ kiri, aago rẹ̀ tó ń sáré ti sọ fún un pé àsìkò ti ń lọ. “Gbogbo rẹ̀ ni ègè,” ló wí. “Ẹni tó ń kọrin, kí ló tún fẹ́ máa ṣe? Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.” Ọ̀gbẹ́ni Délé dúpẹ́, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan.

Èmi mọ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, mo mọ̀ pé kì í ṣe ègè, n kò sì sọ̀rọ̀. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé kò sí ẹni tó bi mí, ọmọdé kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ náà. Mo ti fi ìdí yìí tu ara mi nínú fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí mo ti jáde ní yunifásítì, tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò, mo gbà pé ìdí kejì wà tó lágbára jù ú lọ: mo fẹ́ mọ bí yóò ṣe dún. Ogójì ènìyàn tí kò mọ Sìkírá rí, tí wọ́n fẹ́ pè é. N kò ronú kan ohun tí Bàbá Alhájì ti sọ nípa ẹ̀rín, tàbí mo ronú kàn án mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kó tó lọ, Ọ̀gbẹ́ni Délé fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní pálọ̀, ó yà sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì kọ́ Ìyá Sídí ní àmì kan. Ó ní kó máa wo ọwọ́ òsì òun. “Bó bá ti wálẹ̀ báyìí, Màmá, kí ẹ wọlé.”

“Wọlé sí ibo?”

“Sínú orin, mà.”

“Ọmọ mi, inú orin ni mò ń gbé. Ibi tí màá gbà jáde ni kí o fi hàn mí.”

Àwọn aláró rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ wọn fi kúrò nídìí kùmọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni eré náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì dá. Láti àárọ̀ ni Ìyá Sídí kò ti jẹ ata, ògì gbígbóná nìkan ló mu. Ó ró àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya, ó sì fi ìborùn funfun bo orí. Ráfíù, awakọ̀ Bàbá Alhájì, kó wa lọ nínú Píjò, Bàbá Alhájì jókòó níwájú, Ìyá Sídí, màmá mi, Sìkírá àtèmi sì wà lẹ́yìn. Àwọn aláró yòókù ti fẹsẹ̀ rìn lọ ṣáájú. Nígbà tí a dé, gbọ̀ngàn náà ti kún. Wọ́n ti kó ìjòyè àti àwọn aláṣẹ sí ìlà kìíní. Bàbá Alhájì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti mọ́ṣáláṣí wà ní ìlà kejì. Àwa wà lẹ́yìn wọn gan-an.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹsẹ̀. Gbogbo àwọn olórin náà wọ bàtà dúdú kan náà, tọkùnrin tobìnrin. Lẹ́yìn náà ni mo rí gòjé wọn, tó ju gòjé tiwa lọ ní okùn mẹ́ta, tí wọ́n sì ń gbé sábẹ́ àgbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ sùn lé e. Mo ka mẹ́tàdínlógún kí ẹnì kan tó yí àga rẹ̀ padà tó da kíkà mi rú. Ọkùnrin kan fọn fèrè, ohùn kan ṣoṣo tó gùn, gbogbo àwọn yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha tiwọn tẹ̀lé e.

“Ṣé ohun tí a wá gbọ́ nìyí?” ni Sìkírá bi màmá mi.

“Dákẹ́. Wọ́n ń tún un ṣe ni.”

“Kí ló ṣe tí wọn ò tún un ṣe nílé?”

Wọ́n kọ́kọ́ ta orin òyìnbó kan. A kò mọ ibi tó ti parí. Nígbà tó dákẹ́, a pàtẹ́wọ́, Ọ̀gbẹ́ni Délé kò sì yíjú padà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, a fi ọgbọ́n di ọwọ́ mú, ìgbà yẹn gan-an ló sì parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Ìyá Sídí wọlé. Ó rìn bó ṣe máa ń rìn láàárín àwọn ìkòkò, ó ń wo ilẹ̀ kó má baà tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ó jókòó sórí àga. Ó kéré púpọ̀ láàárín wọn. Bàbá Alhájì tún jókòó dáadáa, mo sì rí i pé ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọ̀pá rẹ̀ mú.

Gòjé kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn lásán ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tó ti gbé ẹ̀yìnkùlé wa tí kò ní mọ ohun tó ń wí. Gòjé náà ní kí Sìkírá bo ìkòkò aró. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́, bí ẹni tó ti ń pè é láti ọdún tó kọjá. Àwọn gòjé yòókù sọ ọ́ tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń fọn fèrè idẹ dìde, wọ́n fi ẹnu sí i, wọ́n sì ké e jáde pẹ̀lú gbogbo agbára wọn pé òjò mà ń ṣú o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Sìkírá fò dìde.

“Mo ń bọ̀ o, Ìyá!”

Àwọn aláró ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà nítòsí wọn bi wọ́n léèrè, wọ́n sọ fún un, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sọ fún ẹlòmíràn. Mo rí bí ẹ̀rín náà ṣe ń ti ìlà kan bọ́ sí ìkejì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè. Ọ̀rẹ́ Bàbá Alhájì kan fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́: “Alhájì, ṣé ọmọ ilé yín ni wọ́n ń pè?” Ọrùn Bàbá Alhájì nìkan ni mo ń rí, ó sì le gan-an. Lókè, ọwọ́ òsì Ọ̀gbẹ́ni Délé wálẹ̀. Ìyá Sídí kò wọlé. Àwọn olórin náà ta á kọjá, ojú wọn wà nínú ìwé. Ọwọ́ náà tún wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Sídí ti fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi sì rò pé ẹkún ni. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo rántí ife omi. Mo rò pé bí mo bá ti la ẹnu mi lọ́jọ́ náà, gbogbo èyí kì bá tí ṣẹlẹ̀, obìnrin náà kì bá sì máa pàdánù ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó sọ pé òun fẹ́.

Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ká ìborùn kúrò lẹ́nu, kò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì gba ohùn náà lẹ́nu àwọn onífèrè bí ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ àlejò:

“Sìkírá o, jókòó, mo ti bo ìkòkò.
Òjò tó ṣú lónìí, orin ló fẹ́ rọ̀ o.”

Àwọn aláró gbè é láti ibi tí wọ́n wà, láìsí ẹni tó sọ fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni Délé yíjú padà, ó wò wá, ó wo Ìyá Sídí, mo sì lè sọ pé ìgbà yẹn ló yé e, nítorí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń darí wọn fa róbótó kan nínú afẹ́fẹ́, àwọn olórin náà sì tún ohun kan náà ta, wọ́n tún un ta, wọ́n sì tún un ta, bí ìyá náà ṣe ń lo ìpè Sìkírá bí ègbè, tó ń kí àwọn ìlú Ẹ̀gbá lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń ki ọkọ rẹ̀, tó ń fi àwọn obìnrin tó ń da omi òjò sínú aró ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà nínú gbọ̀ngàn náà, ṣùgbọ́n òun ló ń pín in fún wa ní báyìí. Lẹ́yìn náà, ìwé tán. Mo rí i tí wọ́n ṣí ewé tó kẹ́yìn. Wọ́n dúró, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé gòjé lé itan, Ìyá Sídí sì ń bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn aláró nìkan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ibi tó fẹ́ ki bàbá tó bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Bàbá Alhájì dìde dúró ní ìlà kejì. Ìyá Sídí rí i. Ó gé orin náà síbẹ̀, ó sì tẹ orí ba. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un pẹ́ ju bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún orin òyìnbó lọ. N kò mọ iye ìṣẹ́jú.

Oríṣiríṣi ìtàn ni wọ́n ń sọ nínú ilé wa nípa ọjọ́ yẹn. Sìkírá, tó ti bímọ mẹ́ta báyìí, ní òun kò dìde rárá. Ọ̀kan nínú àwọn aláró ní Bàbá Alhájì sunkún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, n kò rò pé ẹnikẹ́ni lára wa lè mọ̀. Gbogbo wọn ló gbà pé Ọ̀gbẹ́ni Délé ló ṣe àṣìṣe. Wọ́n ní Ìyá Sídí tún kọrin ní Papalanto ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó sì lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n bàbá mi ti wá mú mi lọ sí Ìlọrin kí oṣù náà tó parí, n kò sí nílé mọ́. Ohun tí mo gbọ́ tí mo sì rí ni ti inú Píjò nígbà tí a ń padà bọ̀, oòrùn ò tíì wọ̀.

Bàbá Alhájì kò yíjú padà.

“Wọ́n rẹ́rìn-ín,” ló wí.

“Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Ìyá Sídí dáhùn. “Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbàgbé.”

“Ọ̀gbẹ́ni yẹn bi mí. Ó fẹ́ gbé e wá kí o gbọ́ ọ, mo sì sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ni orin. Ọwọ́ mi ló ti wá.”

Màmá mi di ọwọ́ mi mú. Sìkírá ń wo ojú fèrèsé. N kò sọ tèmi lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

“Kí ló ṣe tí o gé e?” ni Bàbá Alhájì tún bi í.

“Mo rí i pé ẹ dìde. Mo ní inú ń bí yín.”

“Fìlà ìjòyè tó wà níwájú mi ló dí mi lójú.” Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. “Ó ku púpọ̀?”

“Ó ku púpọ̀. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá wa.”

“Ó dáa, kọ ọ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré ní àkọ́kọ́ nítorí ìró ẹ́ńjìnnì. A dé ìkóríta tí a máa ń gbà yà sí Ìgbẹ̀ìn, Ráfíù sì ti ń yí ọwọ́ ọkọ̀ sí apá ọ̀tún. Bàbá Alhájì na ìka sí òsì, sí ọ̀nà tó lọ jìnnà yípo. Ráfíù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì yà sí òsì.